Irọ́ Tí Mo Gbé Wọ Bàálù Lọ Bá Bísí

Kò sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó mi ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, láyé àtijọ́ àti lóde òní. Nígbà tí mo wà ní géńdé, mo gbá bọ́ọ̀lù kan lórí pápá ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó fò kọjá Ọ̀tan Ayégbajú. Àwọn tó wà lóko ní Ìrèsí rò pé àṣá ni, wọ́n sáré kó òròmọdìẹ wọn wọlé. Bọ́ọ̀lù náà kò tíì balẹ̀ títí di òní. Rẹfirí ọjọ́ náà fi fèrè sẹ́nu, ó ń dúró kó balẹ̀ kí òun lè fun ún. Ibi tó ti ń dúró náà ni ikú bá a.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ì bá lọ bi Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi, nítorí ojú rẹ̀ ló ṣe. Àmọ́ ẹ kò lè rí Àbẹ̀kẹ́ bi mọ́. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dé ilẹ̀ Swídìn, níbi tí òyìnbó ń gbé nínú òtútù, ìrìn-àjò yẹn ni mo sì fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin ará ilé.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, ọ̀pẹ ni mo ń gùn, ẹmu ni mo ń dá. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó gbé okùn ìgun-ọ̀pẹ kọ́ mi léjìká. Bísí ni ọmọ ọmọ wa. Àbẹ̀kẹ́ ló tọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, Màmá ló sì ń pè é. Nígbà tó wà ní kékeré, mo sọ ìtàn bọ́ọ̀lù mi fún un, ọmọ náà sì gbà mí gbọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wọ igbó ẹ̀yìnkùlé lọ wá a. Nígbà tí kò rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọsàn tútù kiri. Àbẹ̀kẹ́ wo èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ṣí, ó di àkísà ní bọ́ọ̀lù fún un.

Àwọn obìnrin ìjọ sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé, “Ìyá Táyọ̀, ọmọbìnrin kì í gbá bọ́ọ̀lù o. Kò ní rọ́mọ bí.”

Àbẹ̀kẹ́ gé ìró rẹ̀ kan, ó fi rán ṣòkòtò péńpé fún ọmọ. Ṣòkòtò yẹn ló gbé Bísí dé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ní Ìbàdàn, òun náà ló gbé e dé Swídìn, tí wọ́n ti ń sanwó fún un láti máa sáré. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn yá ju tirẹ̀ lọ dé, ó di ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tiwọn, arúgbó nìyẹn.

Ó wá ránṣẹ́ pè wá, èmi àti Màmá rẹ̀, pé ká wá wo ìdíje ìkẹyìn ọdún. Àdéhùn rẹ̀ ti ń parí lọ. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà dáadáa, wọ́n lè tún un ṣe. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé yá. “Màmá kò tíì rí mi gbá bọ́ọ̀lù níbí rí,” ló sọ lórí fóònù. Àbẹ̀kẹ́ po àádùn, ó fi epo tó dára sí i, ó wé e sínú ewé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ní ọjà. A ṣì ń ka ọjọ́ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Mo jí ní òwúrọ̀, Àbẹ̀kẹ́ kò jí.

Ọ̀rọ̀ tí kì í gba orí fóònù

Ní ilẹ̀ wa, a kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ lórí fóònù. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò dé ibi tí ọmọ wà, yóò rí i pé ó ti jẹun, yóò jókòó tì í, kí ọwọ́ tí yóò dì í mú lè wà nítòsí. Nítorí náà gbogbo Ìlá pa ẹnu mọ́. Pásítọ̀ kìlọ̀ nínú ìjọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àwòrán Ìyá Táyọ̀ sórí fóònù. A gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìgbókùúsí, a ní a kò ní sin ín títí Bísí yóò fi dé bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Táyọ̀ ọmọ mi ti Èkó dé, ó pe ìpàdé ẹbí.

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún un. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tán ná. Bó bá gbọ́ ṣáájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, wọn ò ní tún àdéhùn yẹn ṣe.”

Mo ní, “Tó bá wá bi mí pé Màmá rẹ̀ dà?”

Àbúrò Àbẹ̀kẹ́ ló dá mi lóhùn. Obìnrin yẹn kò fẹ́ràn mi rí. “Ẹ gbọ́ ẹnu bàbá yìí! Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ tì? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní àgbọ̀nrín gun ọ̀pẹ wá bá yín mu ẹmu?”

Mo ní, “Akèrègbè méjì ló mu, kò sì dúpẹ́.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a rántí ohun tó kó wa jọ, ẹ̀rín náà já bí okùn tó gbó. Irọ́ tí wọ́n fi ń bú mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun ni wọ́n wá dì fún mi báyìí, tí wọ́n ní kí n gbé lọ sí òkè òkun.

Àga tó ṣófo

Àwọn arìnrìn-àjò máa ń sọ fún yín pé àwọsánmà dà bí òwú. Wọn kò fọwọ́ kàn án ni. Èmi na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé bàálù, mo bù ú wò. Ó dà bí fùfú tí kò jinná.

Àga Àbẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí ẹni tó jókòó níbẹ̀. Mo gbé àpò àádùn lé e, mo fi bẹ́líìtì dè é. Ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ nawọ́ sí àga náà, ó ń fi ojú bi mí pé ta ló ni ín. Mo fi ọwọ́ dá a lóhùn pé ó ń bọ̀. Ó gbé oúnjẹ méjì sílẹ̀. N kò jẹ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹni tí Bísí ń wò lẹ́yìn mi

Bísí dúró síbi tí wọ́n ti ń pàdé àlejò. Ó wọ ẹ̀wù tó nípọn bí ibùsùn. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láàárín òyìnbó. Obìnrin kan sáré wá gbé e dìde, ó rò pé ó ṣubú ni. Bísí kò dìde títí mo fi gbé ọwọ́ lé e lórí.

Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn mi. Àwọn ènìyàn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò títí ilẹ̀kùn yẹn fi pa dé, bí ẹni tó ń wo ọ̀nà oko ní ìrọ̀lẹ́.

“Bàbá, Màmá ńkọ́?”

Mo ti kọ́ irọ́ yẹn láti Ìlá, mo ti dán an wò lẹ́nu bí ẹni ń dán eyín tuntun wò. “Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Ó bínú, ó fẹ́ẹ̀ lu dókítà náà. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀.” Mo fa ìbọ̀sẹ̀ náà yọ, mo gbé e fún un.

Bísí gba ìbọ̀sẹ̀, ó fi bo imú. “Ó dáa, Bàbá. Ẹ kú ewu ọ̀nà.”

Ìlú tí òjìji mi kò bá mi dé

Ẹ má bá mi jà lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ní ìlú yẹn, ní oṣù tí mo dé, aago mẹ́ta ọ̀sán ni oòrùn ń wọ̀. Kódà nígbà tó bá yọ, kò lágbára. N kò rí òjìji mi rí níbẹ̀. Mo rò pé ó ti bẹ̀rù òtútù, ó ti padà sí Ìlá lọ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ.

Ènìyàn kì í kí ènìyàn. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, “Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ara le?” Ọkùnrin kan kọjá sí òdìkejì títì. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n jìnnà síra bí ìyàwó orogún tó jà lánàá. Mo bi Bísí pé kí ló dé tí wọn kò parí ìjà náà. Ó ní kò sí ìjà, ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún ara wọn. Nínú bọ́ọ̀sì náà, kò sí ẹni tó jókòó tì mí. Gbogbo ibi tí mo dé ni àga tó ṣófo ń tẹ̀ lé mi dé.

Oúnjẹ wọn ni ọ̀dùnkún òyìnbó. Wọ́n sè é láàárọ̀, wọ́n sè é lálẹ́. Wọ́n sì máa ń da èso pupa dídùn sórí ẹran, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi oyin jẹ ìgbín. Mo jẹ ẹ́. Àlejò kì í yínmú sí oúnjẹ.

Àádùn ni mo gbójú lé pé yóò mú inú Bísí dùn. Nígbà tó wà ní Ìlá, ó máa ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àmọ́ báyìí, yóò tú ewé náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yóò já ìwọ̀nba bí èékánná, yóò tún un wé. Ó ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ní, “Ṣé kò dùn mọ́ ni?”

Ó ní, “Ó dùn, Bàbá. N kò fẹ́ kó tán ni.”

Ojoojúmọ́, tó bá ti ibi ìdánrawò dé, ohun tó kọ́kọ́ ń bi mí ni, “Kí ni Màmá wí lónìí?” Màá wá jáde síta nínú yìnyín, màá gbé fóònù sétí, màá máa sọ̀rọ̀ sókè kí Bísí lè gbọ́ mi láti inú ilé: “Hàlóò, Àbẹ̀kẹ́! O ti jẹun?” Fóònù náà kò tàn rárá. Mo ń dúró díẹ̀ kó dáhùn. Ìdúró yẹn ló le jù. Nígbà míì mo máa ń gbọ́ ọ.

Mo wọlé, mo ní, “Ó ní adìẹ aládùúgbò ti tún wọ ilé wa. Ó ní òun máa sè é.”

“Aṣọ wo ló wọ̀?”

“Àdìrẹ rẹ̀ tó ti ṣá.”

“Ó ń rẹ́rìn-ín?”

“Ó ń rẹ́rìn-ín.”

“Bàbá, ẹ tún sọ ti adìẹ yẹn.”

Mo tún un sọ. Inú mi dùn nígbà náà pé irọ́ mi ń gbọ́mọ jó. Mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fúyẹ́ sí i ni.

Ẹni tí mo sọ òtítọ́ fún

Ìyá àgbà òyìnbó kan ń gbé ní yàrá tó kọjú sí ti Bísí. Ó máa ń rí mi níta tí mo ń bá fóònù jà. Lọ́jọ́ kan ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ pè mí. Ó nawọ́ sí bàtà mi pé kí n bọ́ ọ. Ó gbé kọfí àti búrẹ́dì kékeré dídùn síwájú mi, ó jókòó. Àwòrán ọkùnrin kan wà lórí tábìlì, àbẹ́là sì wà níwájú rẹ̀.

Kò gbọ́ Yorùbá. Èmi náà kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo wá rí i pé ibẹ̀ nìkan ni ẹnu mi lè gbé sọ òtítọ́ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Mo bẹ̀rẹ̀, ohùn Ìlá gan-an ni mo fi sọ ọ́. Mo ní ìyàwó mi ti kú. Mo ní mo na ọwọ́ kàn án, ó tutù ju ilẹ̀ yín yìí lọ. Mo ní ọmọ rẹ̀ wà ní yàrá òdìkejì, n kò sì gbọdọ̀ sọ fún un. Obìnrin náà gbọ́ mi tán. Ó bu kọfí kún ife mi, ó gbá ọwọ́ mi mú. Ní ọjọ́ kejì, mo rí i pé àbẹ́là tó wà níwájú àwòrán yẹn ti di méjì.

Ọjọ́ ìdíje

Òjò àti yìnyín ti sọ pápá di ẹrẹ̀. Èrò tó wá wòran kò pọ̀ tó èrò ọjà Ìlá ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn jẹ́ obìnrin gíga kan tó ń jẹ èékánná. Bísí wà lórí bẹ́ǹṣì, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ Àbẹ̀kẹ́.

Wọ́n gbá a, wọ́n gbá a, kò sí ẹni tó rí gọ́ọ̀lù kankan. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ti tan iná pápá. Obìnrin gíga náà yí padà, ó pe Bísí. Bísí bọ́ ẹ̀wù tó nípọn náà sílẹ̀, ó wọ pápá. Ẹ̀yin ará ilé, ì bá jẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀! Ó gba bọ́ọ̀lù ní àárín, ó fi tan ẹnì kan, ó fi tan ẹnì kejì, ìyẹn jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúnkún tó ń dùn ún yẹn ló fi dúró, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Mo ké “Àbẹ̀kẹ́!” kí n tó mọ orúkọ tó jáde lẹ́nu mi.

Ohun tí Bísí ti mọ̀

Lẹ́yìn ìdíje, wọ́n jẹ́ kí n wọlé dé ibi tí wọ́n ti ń pàrọ̀ aṣọ. Àwọn yòókù ti lọ. Bísí jókòó nìkan, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Bàtà náà mọ́ tónítóní. Mo ti fi oúnjẹ sínú àpò, mo ní kó jẹun. Ó jẹ ẹ́. Mo jókòó tì í, mo sún mọ́ ọn tó tí ọwọ́ mi fi lè dì í mú.

Mo ní, “Bísí, Màmá rẹ...”

Ó ní, “Mo ti mọ̀, Bàbá.”

Ó gbé bàtà náà sílẹ̀.

“Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ẹ dé ni mo mọ̀. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ akọrin gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, ó kọ ‘Sùn re o, Màmá’ sí i. Kò pẹ́ tó fi yọ ọ́. Àmọ́ mo ti rí i.”

“O sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, o ń wo ẹ̀yìn mi.”

“Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ojú mi ni kò gbà.”

“Kí ló wá dé tí o fi jẹ́ kí n máa parọ́ lójoojúmọ́ bí wèrè nínú yìnyín?”

Ó wo bàtà rẹ̀. “Nínú irọ́ yín, Màmá ṣì ń lé adìẹ. Níbo ni mo tún ti fẹ́ gbọ́ ọ?”

Ó wá ń sunkún. Ó sunkún bí ọmọ tó wá bọ́ọ̀lù nínú igbó tí kò rí i. Mo dì í mú. Ọwọ́ ń bẹ nítòsí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa ti wí, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà pẹ́ kó tó dé.

Ìlá

Wọn kò tún àdéhùn náà ṣe. A jọ padà wálé. Ní àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú bàálù, Bísí ló jókòó, ewé àádùn kan tó ṣẹ́kù wà lórí itan rẹ̀. Inú isà ló jù ú sí lọ́jọ́ ìsìnkú, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀.

Nígbà tó kàn mí láti bu iyẹ̀pẹ̀, mo tẹ̀ síwájú, mo ní, “Àbẹ̀kẹ́, ó gbá a wọlé o. Ẹsẹ̀ òsì ló fi gbá a.” Òkú ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀yin alààyè ló gbọ́. Kí ìsìnkú tó tú ká, ó ti dé ọjà. Láti ọjọ́ náà, Bísí kò lè gun ọ̀kadà láìjẹ́ pé ọlọ́kadà kígbe pé, “Ẹlẹ́sẹ̀ òsì!” Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi í pé bó bá gbá gọ́ọ̀lù wọlé lóòótọ́, kí ló dé tí òyìnbó fi lé e wálé, ọ̀ràn wo ló dá.

Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ó ń lọ sáré lórí pápá àtijọ́, nítorí ìgbà yẹn ni kò sí ẹni tí yóò kí i. Ó ti kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ míì. Kò tíì rí èsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó jókòó síwájú mi, ó ní, “Bàbá, ẹ ti fi gọ́ọ̀lù yẹn sin Màmá, ó ti tó. Ẹ má fi sin èmi náà.”

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ti bọ́ọ̀lù tí kò balẹ̀, ti àgbọ̀nrín, ti àwọsánmà tí mo bù wò, kò sí ẹni tí irú ìyẹn tàn jẹ rí ní Ìlá, n kò ní bẹ̀bẹ̀ lórí wọn. Ti oòrùn tó ń wọ̀ ní aago mẹ́ta, òótọ́ ni, bí ẹ tilẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Èyí tí ẹ gbà gbọ́ nìkan ni irọ́. Ẹni tó bá fi ara balẹ̀ ka ìwé yìí ti rí i pé bàtà ọmọ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ ni pápá.

Òótọ́ ni pé obìnrin gíga yẹn pè é. Òótọ́ ni pé ó bọ́ ẹ̀wù tó nípọn náà sílẹ̀, ó dìde. Ó dúró létí ìlà funfun, ó wo ibi tí mo jókòó sí, ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ó mi orí, ó padà lọ jókòó. Ọmọ míì ló wọlé. Ẹgbẹ́ wọn kò rí gọ́ọ̀lù kankan títí fèrè fi dún. Èmi ni mo gbá gọ́ọ̀lù yẹn wọlé, lẹ́bàá isà, nítorí n kò mọ ohun míì tí mo lè sọ fún Àbẹ̀kẹ́.